Bí Ẹ Ṣe Máa Di Fídíò Ilé Kó Lè Ṣiṣẹ́ Lórí DVD Kékeré àti Fóònù Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti owó ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ fídíò ni, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré ẹ.

Bàbá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa ní Jos. Wọ́n sin ẹ̀gbọ́n wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ara wọn ò gba ìrìn ọ̀nà jíjìn mọ́, wọn ò lè lọ. Àwọn ọmọ tó wà nílé fi fóònù ya gbogbo ètò náà, látorí àìsùn títí dé orí ijó, wọ́n kó o sí mẹ́mórì, wọ́n fi rán ẹni tó ń bọ̀. Bàbá pe àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jọ, wọ́n tan DVD kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, wọ́n ki mẹ́mórì bọ̀ ọ́. Ohun tó jáde lójú ẹ̀ ni "Unsupported file". Wọ́n gbìyànjú fáìlì kejì, ohùn jáde, àwòrán ò jáde. Wọ́n ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ki ẹ̀gbọ́n wọn, wọn ò rí ojú ẹnikẹ́ni. Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ á pa á, ó tó."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé mẹ́mórì náà wá bá mi. Mẹ́mórì ò bàjẹ́, DVD ò bàjẹ́. Ọ̀nà tí fóònù ìgbàlódé gbà di fídíò náà ni ẹ̀rọ kékeré yẹn ò mọ̀. Mo tún un dì lórí láptọ́ọ̀pù, Bàbá sì wò ó tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, àwọn èèyàn ń bi mí pé kí ni mo ṣe. Ìdí tí mo fi kọ eléyìí sílẹ̀ nìyẹn, kí ọmọ kan nínú ilé kọ̀ọ̀kan lè mọ̀ ọ́n ṣe.

ÀPÒ YÀTỌ̀ SÍ ẸRÙ INÚ Ẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni orúkọ tó wà ní ìparí fáìlì: .mp4, .avi, .mkv, .mov. Àpò lásán nìwọ̀nyẹn. Bí a bá rí àpò ìrẹsì, ẹ̀wà lè wà nínú ẹ̀. Ohun tó wà nínú àpò fídíò jẹ́ méjì: àwòrán tí wọ́n fi ọ̀nà kan dì, àti ohùn tí wọ́n fi ọ̀nà mìíràn dì. Ọ̀nà dídì yìí ni wọ́n ń pè ní codec. Ẹ̀rọ tó bá mọ àpò ṣùgbọ́n tí kò mọ codec inú ẹ̀ á kàn sọ pé òun ò lè ṣe é, tàbí kó gbé ohùn jáde láìsí àwòrán, bó ṣe ṣe Bàbá.

Àwọn codec tí ẹ máa bá pàdé nìyí, láti orí èyí tó pẹ́ jù:

1. MPEG-1 àti MPEG-2. MPEG-1 ló wà nínú VCD, àwo tí a fi wo fíìmù Yorùbá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwọ̀n àwòrán ẹ̀ níbí jẹ́ 352 × 288. MPEG-2 ló wà nínú DVD.

2. MPEG-4 ti àtijọ́, tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Xvid tàbí DivX. Inú àpò .avi ló sábà máa ń wà. Bí wọ́n bá kọ "DivX" tàbí "MPEG-4" sí ara DVD kékeré yín, èyí ni wọ́n ní lọ́kàn.

3. H.264, tí wọ́n tún ń pè ní AVC. Ọdún 2003 ló jáde. Èyí ló gbilẹ̀ jù lórí fóònù, tẹlifíṣàn àti íntánẹ́ẹ̀tì.

4. H.265, tí wọ́n tún ń pè ní HEVC. Ọdún 2013 ló jáde. Ó ń fún fídíò pọ̀ ju H.264 lọ, ìdí nìyẹn tí iPhone àti ọ̀pọ̀ Android tuntun fi ń lò ó láti ya fídíò. Òun gan-an ló wà nínú mẹ́mórì Bàbá. DVD kékeré ò mọ̀ ọ́n rárá, ọ̀pọ̀ fóònù àtijọ́ náà ò mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú fáìlì kan, ẹ ṣí i pẹ̀lú VLC lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Ctrl àti J pọ̀. Ó máa sọ codec àwòrán, codec ohùn, ìwọ̀n àwòrán, gbogbo ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni VLC.

Ẹ KỌ́KỌ́ MỌ Ẹ̀RỌ TÓ MÁA GBÉ E JÁDE

Má dì í fún ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ rẹ, ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ àgbà ni kí o dì í fún. Béèrè kó o tó bẹ̀rẹ̀. Ní kí ẹnì kan ya fọ́tò ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà tàbí páálí ẹ̀ kó fi ránṣẹ́ sí ọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín sí:

DVD alágbèéká tó ní ojú USB tàbí ti mẹ́mórì. Wọ́n pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbà nítorí pé wọ́n ní bátìrì, wọ́n sì rọrùn láti tẹ̀. Ojú ọ̀pọ̀ nínú èyí tó jẹ́ íńṣì 7 ò ju 480 × 234 lọ, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí. Fídíò tó bá ju 720 × 576 lọ, kò ní gbà á. Èyí tó dájú jù fún un: àpò .avi, àwòrán Xvid, ohùn MP3.

Fóònù àtijọ́, tábúlẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú, tẹlifíṣàn kékeré tó ní ojú USB. Èyí tó dájú jù fún wọn: àpò .mp4, àwòrán H.264, ohùn AAC.

iPod àtijọ́ tí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun fi ránṣẹ́ sílé. Àwọn kan ṣì ń lò ó. Èyí tó kọ́kọ́ ń gbé fídíò jáde ní ọdún 2005 ní ojú 320 × 240. H.264 Baseline nìkan ló mọ̀ nínú ìdílé H.264. Ẹ lo ìwọ̀n 320 × 240 àti 700 kbit fún un, kò ní bá yín jà.

Bí ẹ ò bá mọ èwo ni, ẹ ṣe méjèèjì, .avi kan, .mp4 kan, ẹ kó wọn sínú mẹ́mórì kan náà. Ọ̀kan á ṣiṣẹ́.

ÈTÒ MÁRÙN-ÚN TÓ YẸ KÍ Ẹ YÀN

Èkíní: codec. A ti sọ ọ́ lókè. Fún H.264, nǹkan méjì tún wà lára ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní profile àti level. Profile ń sọ ọgbọ́n tí wọ́n lò láti di fídíò, level ń sọ bó ṣe wúwo tó. Baseline ni profile tó rọrùn jù fún ẹ̀rọ kékeré, Main tẹ̀ lé e, High ló le jù. Ẹ mú Baseline àti level 3.0 fún ẹ̀rọ tí ẹ ò mọ̀ dájú. Bí ó bá ṣiṣẹ́, tí ẹ sì fẹ́ kí fáìlì kéré sí i, ẹ lè dán Main wò.

Èkejì: ìwọ̀n àwòrán. Fóònù ń ya 1920 × 1080, nígbà mìíràn 3840 × 2160 tí wọ́n ń pè ní 4K. Kò sí àǹfààní kankan nínú kí ẹ gbé 4K sórí ojú tí kò ju 480 × 234 lọ. Ńṣe ni ẹ ń di àpò ìrẹsì kan fún ẹni tí kóńgò kan tó. Ẹ lo 640 × 360 fún fídíò tí wọ́n ya níbùú, 640 × 480 fún ti kámẹ́rà àtijọ́ tí ojú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kí nọ́ńbà méjèèjì jẹ́ èyí tí a lè fi 2 pín, ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ fẹ́ràn èyí tí a lè fi 16 pín. Nítorí náà, bí ìlà aláwọ̀ ewé bá yọ sí ìsàlẹ̀ 640 × 360, ẹ lo 640 × 352.

Ẹ̀kẹta: iye àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fóònù sábà máa ń ya 30, kámẹ́rà àwọn afídíò wa sábà máa ń ya 25, torí pé 25 ni ètò tẹlifíṣàn PAL tí Nàìjíríà ń lò. Òfin ibẹ̀ rọrùn: ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ó bá jẹ́ 30, ẹ fi 30 sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 60, ẹ pín in sí méjì, kó di 30. Bí ó bá jẹ́ 50, kó di 25. Bí ẹ bá fipá sọ 30 di 25, ẹsẹ̀ àwọn tó ń jó á máa ta kọ́sọ́kọ́sọ́. Nǹkan mìíràn tún wà ńbẹ̀: fóònù kì í ya iye kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń yí i padà bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí padà. Èyí ló máa ń jẹ́ kí ẹnu olórin ṣáájú ohùn lórí ẹ̀rọ kékeré. Ẹ yan "Constant Framerate", ó parí.

Ẹ̀kẹrin: bitrate, ìyẹn iye dátà tó ń ṣàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ibí ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ fara balẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ̀rọ kékeré á máa dúró, á máa lọ. Bí ó bá kéré jù, ojú èèyàn á di búlọ́ọ̀kù búlọ́ọ̀kù. Fún 640 × 360, Xvid nílò nǹkan bí 1000 sí 1200 kbit, H.264 nílò 700 sí 900.

Irú ètò tó wà nínú fídíò náà tún ṣe pàtàkì. Pásítọ̀ tàbí àlùfáà tó dúró lójú kan tó ń wàásù kò gba dátà púpọ̀, torí pé àwòrán tó ń bọ̀ jọ èyí tó kọjá. Ṣùgbọ́n agbo ijó tí gbogbo èèyàn wọ léèsì, tí wọ́n ń ná owó, tí kámẹ́rà ń yí kiri, òun ló ń jẹ dátà jù. Gbogbo ihò léèsì yẹn ni codec ní láti kà. Fún irú èyí, ẹ mú nọ́ńbà tó wà lókè. Fún ìwàásù tàbí ìpàdé ẹgbẹ́, ẹ mú tìsàlẹ̀.

Báyìí ni ẹ ṣe máa mọ bí fáìlì ṣe máa tóbi tó: ẹ da bitrate àwòrán àti ti ohùn pọ̀, ẹ fi iye ìṣẹ́jú-àáyá tó wà nínú fídíò sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 8 pín in, ẹ tún fi 1000 pín in. Ohun tó bá jáde ni MB.

Àpẹẹrẹ: ìsìnkú wákàtí 3. Wákàtí 3 jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 10,800. Xvid 1200 àti ohùn 128 jẹ́ 1328. Bí a bá ṣe ìṣirò náà, ó máa jẹ́ nǹkan bí 1,793 MB, ìyẹn 1.8 GB. Pẹ̀lú H.264 ní 800 àti ohùn 128, ó máa jẹ́ 1.25 GB péré. Bí fóònù bá ya wákàtí 3 kan náà ní 1080p tó ń ṣàn ní 17,000 kbit, nǹkan bí 23 GB ni. Ẹ rí ìyàtọ̀.

Ẹ tún lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Mẹ́mórì 2 GB lẹ ní, àyè tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀ jẹ́ 1,900 MB, fídíò sì jẹ́ wákàtí 3. 1,900 lọ́nà 8,000, ẹ fi 10,800 pín in, ó jẹ́ nǹkan bí 1,407. Ẹ yọ 128 ti ohùn kúrò. Àwòrán ò gbọdọ̀ ju 1,279 lọ.

Ẹ̀karùn-ún: ohùn. Ẹ má ṣahun síbí. Ìdajì adùn fídíò ìlú wa, ohùn ni: dùndún, oríkì, ẹkún àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Ẹ lo 128 kbit, ọ̀nà ohùn 2, àti 44,100 Hz. Bí ó bá jẹ́ ìwàásù nìkan, 64 kbit ní ọ̀nà 1 á tó. Fídíò tí ohùn ẹ̀ jẹ́ ọ̀nà 6, bí irú èyí tó máa ń wà nínú fíìmù DVD, lè dákẹ́ lórí ẹ̀rọ kékeré. Ẹ sọ ọ́ di 2.

BÍ Ẹ ṢE MÁA ṢE É PẸ̀LÚ HANDBRAKE

HandBrake jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Àmọ́ .mp4 àti .mkv ló ń ṣe, kì í ṣe .avi mọ́. Nítorí náà, òun ni ẹ máa lò fún fóònù, tábúlẹ́ẹ̀tì àti tẹlifíṣàn.

1. Ẹ ṣí fídíò náà nínú ẹ̀.
2. Níbi Presets, ẹ lọ sí General, ẹ mú "Fast 480p30". Bí fídíò bá jẹ́ 25, ẹ mú "Fast 576p25".
3. Kí Format jẹ́ MP4.
4. Níbi Dimensions, ẹ mú ìwọ̀n wá sí 640 × 360.
5. Níbi Video, ẹ mú H.264 (x264), ẹ yan Constant Framerate, Profile Baseline, Level 3.0. Ẹ mú Avg Bitrate, ẹ kọ 800 sí i. Bí àkókò bá wà, ẹ fi àmì sí Multi-Pass: ó máa ka fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì, á sì mọ ibi tí ijó wà àti ibi tí èèyàn kàn jókòó sí, kó tó pín dátà.
6. Níbi Audio, ẹ mú AAC, Stereo, 128.
7. Ẹ yan ibi tó máa kó o sí, ẹ tẹ Start Encode.

FÚN DVD KÉKERÉ: FFMPEG

FFmpeg náà jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ kò ní bọ́tìnnì. Ẹ máa kọ àṣẹ fún un nínú fèrèsé dúdú kọ̀ǹpútà ni. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ kàn da ìlà yìí kọ bó ṣe wà. Orúkọ fáìlì nìkan ni kí ẹ pààrọ̀:

ffmpeg -i isinku.mp4 -vf scale=640:-2 -r 30 -c:v mpeg4 -vtag xvid -b:v 1200k -c:a libmp3lame -b:a 128k -ac 2 -ar 44100 isinku.avi

Ìtumọ̀ ẹ̀ nìyí. "-i" ni fáìlì tó ń wọlé. "scale=640:-2" ní kí fífẹ̀ jẹ́ 640, kí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ wá gíga tó bá a mu. "-r 30" ni iye àwòrán. Ẹ kọ 25 bí fídíò bá jẹ́ 25. "mpeg4" àti "xvid" ni codec tí DVD kékeré mọ̀. "-b:v" ni bitrate àwòrán, "-b:a" ti ohùn. "-ac 2" ni ọ̀nà ohùn.

Bí ẹ bá fẹ́ fi FFmpeg ṣe ti H.264:

ffmpeg -i isinku.mp4 -vf scale=640:-2 -r 30 -c:v libx264 -profile:v baseline -level 3.0 -pix_fmt yuv420p -b:v 800k -maxrate 1200k -bufsize 2400k -g 60 -c:a aac -b:a 128k -ac 2 -ar 44100 isinku.mp4.mp4

Kí orúkọ tó ń jáde má ṣe jọ tèyí tó ń wọlé ni mo ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fún un ní orúkọ mìíràn, ó ti tó.

"-g 60" yẹn ní ìtumọ̀. Ó ní kí àwòrán odindi kan máa wà lẹ́yìn gbogbo 60, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 2 méjì. Ibi tí odindi àwòrán bá wà ni ẹ̀rọ lè fò sí. Bí wọ́n bá jìnnà síra jù, àgbà á tẹ bọ́tìnnì pé kó padà sẹ́yìn díẹ̀, á lọ balẹ̀ síbi tí kò fẹ́. Bàbá dá fídíò náà padà tó ìgbà mẹ́rin síbi tí onídùndún ti ń ki ìdílé wọn. Bí kò bá sí nọ́ńbà yẹn, ì bá sú wọn.

Bí wọ́n bá gbé fóònù dúró lóòró ya fídíò náà, DVD kékeré lè dà á dùbúlẹ̀, torí pé kò mọ àmì tí fóònù fi sọ pé "òkè nìyí". Bí ẹ bá ti tún un dì, FFmpeg máa dá a dúró fúnra ẹ̀. Àmọ́ ẹ fi àyè dúdú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó má baà fẹ̀ kọjá ààlà. Dípò "scale=640:-2", ẹ kọ:

"scale=640:480:force_original_aspect_ratio=decrease,pad=640:480:(ow-iw)/2:(oh-ih)/2"

Ẹ fi àmì " sí iwájú àti ẹ̀yìn ẹ̀ bó ṣe wà yẹn.

Ẹ DÁN ÌṢẸ́JÚ KAN WÒ NÁ

Ẹ má di wákàtí 3 kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ̀rọ kò gbà á, pàápàá níbi tí iná ò dúró, tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ lẹ fi ń ṣe é. Ẹ fi "-t 60" síwájú "-i". Ìṣẹ́jú kan péré ni FFmpeg máa dì. Ẹ mú ìṣẹ́jú tí ijó ti gbóná jù, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń to àga. Bí ẹ bá kọ "-ss 01:20:00 -t 60" síwájú "-i", ó máa bẹ̀rẹ̀ láti wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 20. Ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ náà gan-an kí ẹ wò ó, ẹ má wò ó lórí láptọ́ọ̀pù kí ẹ ní ó ti dáa. Láptọ́ọ̀pù ń gbé ohun gbogbo jáde.

Ọ̀nà kan náà yìí lẹ lè fi gé fídíò gígùn sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó dáa bẹ́ẹ̀ fún àgbà, torí pé ọ̀pọ̀ DVD kékeré kì í rántí ibi tó dé bí bátìrì bá kú.

MẸ́MÓRÌ ÀTI FÍLÁÀṢÌ

Fídíò lè dára kí mẹ́mórì fi ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́rin.

Ètò inú mẹ́mórì. FAT32 ni DVD kékeré mọ̀. Mẹ́mórì tó bá tó 64 GB sókè, exFAT ló máa ń bá dé láti ilé-iṣẹ́. DVD kékeré á ní kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Ẹ ra 8, 16 tàbí 32 GB, ẹ fi FAT32 ṣe Format ẹ̀. Format máa ń nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ o, ẹ kó ẹrù yín kúrò ná. Àwọn ẹ̀rọ tó ti pẹ́ gan-an kò gbà ju káàdì 2 GB lọ.

Ààlà FAT32. Fáìlì kan ṣoṣo ò lè tó 4 GB nínú ẹ̀, bó ti wù kí mẹ́mórì tóbi tó. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ pé àyè ò sí nígbà tí àyè wà.

Orúkọ fáìlì. Àwa Yorùbá ni èyí kàn jù. Bí ẹ bá kọ "Ìsìnkú Bàbá Àgbà ní Ọ̀ffà" pẹ̀lú àmì àti ìdí ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ kékeré lè kọ àmì ìbéèrè dípò ẹ̀, tàbí kó má rí fáìlì náà rárá. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà lásán, kó kúrú, kí nọ́ńbà ṣáájú: 01-isinku, 02-ijo, 03-oro-agba. Bí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sábẹ́ àwòrán fún àwọn ọmọ tí kò gbọ́ èdè dáadáa, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán náà pátápátá nígbà tí ẹ bá ń dì í. HandBrake ń pe èyí ní "Burn In". Àmì ohùn wa ò ní bàjẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mẹ́mórì ayédèrú. Ó pọ̀ lọ́jà. Wọ́n á kọ 64 sí i, 8 ló wà nínú ẹ̀. Fídíò á wọlé, á sì bàjẹ́. Ètò kan wà fún Windows tó ń jẹ́ H2testw, ọ̀fẹ́ ni, ó ń kọ nǹkan kún mẹ́mórì kó tó kà á padà, kẹ́ ẹ lè mọ òtítọ́.

ÀMÌ ÀÌSÀN ÀTI OÒGÙN Ẹ̀

"Unsupported" tàbí "codec not supported": codec ni. Ẹ tún un dì sí Xvid tàbí H.264 Baseline.

"Resolution not supported": àwòrán tóbi jù. Ẹ mú un wá sí 640 × 360.

Ohùn wà, àwòrán ò sí: codec àwòrán, bíi HEVC.

Àwòrán wà, ohùn ò sí: codec ohùn. MP3 fún .avi, AAC fún .mp4, ọ̀nà 2.

Ó ń dúró, ó ń lọ: bitrate pọ̀ jù, tàbí profile le jù fún un. Ẹ dín bitrate kù, ẹ lo Baseline.

Ẹnu àti ohùn ò bára mu: Constant Framerate.

Àwọn èèyàn tín-ín-rín tàbí wọ́n sanra ju bó ṣe yẹ: ẹ ti yí ìbú sí gíga padà. Ẹ lo "scale=640:-2", kí ẹ sì yẹ 16:9 àti 4:3 wò nínú ètò DVD náà.

Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí eyín ìyarun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó bá ń rìn: fídíò kámẹ́rà àtijọ́ tàbí DVD ni. Ẹ kọ "yadif,scale=640:-2" dípò "scale=640:-2", tàbí kí ẹ yan Deinterlace nínú HandBrake.

Àwọ̀ ti ṣá, bíi pé wọ́n fi omi pò ó: wọ́n fi HDR yà á. Nígbà mìíràn, ẹ pa "HDR Video" lórí fóònù kí ẹ tó ya fídíò.

Ẹ SỌ FÚN ÀWỌN TÓ WÀ NÍLÉ

Iṣẹ́ á dín kù bí ẹni tó ń ya fídíò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lórí iPhone, kí wọ́n lọ sí Settings, Camera, Formats, kí wọ́n mú "Most Compatible". H.264 ló máa fi yà á nígbà náà. Lórí Android, kí wọ́n wá "High efficiency" tàbí "HEVC" nínú ètò kámẹ́rà, kí wọ́n pa á. Kí wọ́n yà á ní 1080p àti 30, kí wọ́n gbé fóònù níbùú.

Bí wọ́n bá fẹ́ fi WhatsApp ránṣẹ́, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi Document, kì í ṣe bíi fídíò. Fídíò lásán, WhatsApp á tún fún un pọ̀, á sì ba ojú àwọn èèyàn jẹ́. Láti ọdún 2022, Document lè tó 2 GB.

Ẹ má pa ojúlówó fídíò rẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti di ti kékeré. Ìdí ni pé ohun tí ẹ bá ti yọ kúrò nínú àwòrán kò ní padà mọ́. Ẹ̀dà kékeré wà fún wíwò lónìí, ojúlówó ni àwọn ọmọ-ọmọ máa jogún. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ibì kan tí wọ́n ń kó ojúlówó sí, ó kéré tán ẹ̀dà méjì ní ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwa tó wà lájò mọ̀ pé ilé lè jóná, èèyàn sì lè sáré fi ìlú sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ kan tó kù: fídíò tiyín ni mo ń sọ o, ti ìdílé àti ti ẹgbẹ́. Fíìmù oníṣẹ́ ni ti oníṣẹ́. Ẹ má fi ọgbọ́n yìí da fíìmù èèyàn kọ fún títà, òfin Nàìjíríà lòdì sí i, àwọn òṣèré wa náà sì ń fi í jẹun.

FÚN ẸNI TÓ Ń KÁNJÚ

DVD kékeré: .avi, Xvid, 640 × 360, 1200 kbit, MP3 128, FAT32.

Fóònù àtijọ́ àti tẹlifíṣàn: .mp4, H.264 Baseline 3.0, 640 × 360, 800 kbit, AAC 128.

iPod àkọ́kọ́ tó ń gbé fídíò jáde: .mp4, H.264 Baseline, 320 × 240, 700 kbit, AAC 128.

Ẹ dán ìṣẹ́jú kan wò lórí ẹ̀rọ náà gan-an kí ẹ tó di gbogbo ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ yín lọ̀rọ̀ yìí wà. Bí ìpàdé tó ń bọ̀ bá dé, kí ẹnì kan gbé láptọ́ọ̀pù wá, kí àwọn àgbà mú mẹ́mórì wọn tó ti kọ̀ ṣiṣẹ́ wá. Ẹ máa rí i pé púpọ̀ nínú wọn ò bàjẹ́. Ọlọ́run á mú gbogbo wa fojú ara wa rí ilé láyọ̀. Ẹ kú àjò.